Ọmọ Tí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Gbó Ṣáájú Rẹ̀: Àkọsílẹ̀ Nípa Sam Berns

Ìbéèrè kan ni màmá mi bi mí lọ́jọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé. Wọ́n ti wọn BP wọn níbẹ̀, ó jẹ́ 172 lórí 68. Nọ́ọ̀sì ní ti òkè ti ga jù, ti ìsàlẹ̀ kò sì ga rárá. Màmá ní, "Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára mi. Báwo ló ṣe máa ga, tí á tún wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Àbí ẹran ọlọ́ràá ni wọ́n fẹ́ sọ pé mò ń jẹ, èmi tí mo ti pa á tì láti ọjọ́ tí bàbá yín ti kú?" Mi ò rí èsì tó jọ èsì fún wọn. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí n tó rí i, ara ọmọdé ni mo sì ti rí i, ọmọ kan tó dàgbà ní Massachusetts nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ní kíkún, torí mi ò tíì rí ohun mìíràn tó là mí lójú tó bẹ́ẹ̀ nípa bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbó.

Orúkọ ọmọ náà ni Sam Berns. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n bí i, ní Providence, ìpínlẹ̀ Rhode Island. Iṣẹ́ ìṣègùn ni bàbá àti ìyá rẹ̀ yàn láàyò. Scott Berns, bàbá rẹ̀, jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé. Leslie Gordon, ìyá rẹ̀, ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ nígbà náà. Ọmọ tó pé pérépéré ni wọ́n gbé dání kúrò nílé ìgbẹ̀bí. Bí àìsàn yìí ti máa ń ṣe nìyẹn. Ọdún àkọ́kọ́ kì í tíì parí tán tí ìyá á fi rí i pé ọmọ ò ga mọ́, kò sanra mọ́, irun orí rẹ̀ ń ré dànù, awọ ara rẹ̀ sì ń le, ó ń fà bí awọ tí wọ́n kàn mọ́ ojú ìlù. Sam ò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí wọ́n sọ orúkọ ohun tó ń ṣe é fún àwọn òbí rẹ̀ ní 1998: progeria.

Jonathan Hutchinson, dókítà ará England, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 1886. Hastings Gilford tẹ̀ lé e, òun ló sì fi èdè Gíríìkì sọ ọ́ lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ogbó yá dé. Nínú ọmọ bíi mílíọ̀nù mẹ́rin tí a bá bí láyé, ó lè jẹ́ ẹyọ kan ni yóò ní in. Bí wọn kò bá rí ìtọ́jú, ìwọ̀n ọdún tí wọ́n ń lò láyé jẹ́ 14 àti ààbọ̀. Ohun tó sì ń pa wọ́n ni ohun tó ń pa àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà: iṣan ọkàn tó dí pa, tàbí rọpárọsẹ̀. Ọmọ tí eyín wàrà ò tíì ká tán lẹ́nu rẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ń kọlù.

Mo mọ ohun tí à bá kọ́kọ́ sọ ká ní àdúgbò tiwa ni wọ́n bí i sí. Àwọn kan á ní àgbàlagbà kan ló padà wá tí kò fẹ́ ṣe ọmọdé mọ́. Àwọn mìíràn á ní kí ìyá ọmọ lọ jẹ́wọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dá egbò sí ọkàn ìyá tó ti ń jẹ̀rora tẹ́lẹ̀ ni, n kò sì ní í fara mọ́ ọn láé. Àìsàn yìí kì í bá ìdílé rìn, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sì sí níbẹ̀. Àṣìṣe kékeré kan ni, tó sábà máa ń wáyé kí oyún tó dúró rárá.

Lẹ́tà kan ṣoṣo

Òfo ni àwọn òbí Sam bá nílẹ̀. Oògùn ò sí, kò sẹ́ni tó mọ jíìnì (ìlànà tí ọmọ ń jogún lára òbí) tó fà á, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń náwó sórí ìwádìí rẹ̀, torí àwọn aláìsàn náà kéré jù níye. Dókítà Gordon gbé ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1999, òun àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú arábìnrin rẹ̀, Audrey, dá Progeria Research Foundation sílẹ̀. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú iṣẹ́ wọn ni sùúrù tí wọ́n ní. Ìyá tí ọjọ́ ń lọ mọ́ lórí lè sáré ra ohunkóhun tí wọ́n bá kó sínú ìgò. Àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ ń wá àwọn ìdílé kiri, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti awọ ara díẹ̀ lára àwọn ọmọ tó ní àìsàn náà ní oríṣiríṣi ilẹ̀, kí àwọn onímọ̀ lè rí nǹkan gidi yẹ̀ wò.

Ọ̀kan nínú àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn ni Francis Collins, ẹni tó jẹ́ olórí fún iṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi ka gbogbo jíìnì ara ènìyàn. Nígbà tó ṣì jẹ́ dókítà kékeré, ó ti tọ́jú aláìsàn progeria kan, kò sì gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, ikọ̀ rẹ̀ kéde pé àwọn ti rí jíìnì náà. Ikọ̀ Nicolas Lévy ní Marseille, ilẹ̀ Faransé, rí ohun kan náà lákòókò kan náà.

Lẹ́tà tó tó bílíọ̀nù mẹ́ta ló wà nínú DNA, ìyẹn okùn tínńtín inú sẹ́ẹ̀lì tí ìlànà ara wà lórí rẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gbà lọ́dọ̀ bàbá, iye kan náà sì ni ti ìyá. Ẹyọ kan péré ló yí padà lára Sam. C di T, ní ipò 1824 nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní LMNA.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo fi máa ń ṣàlàyé ohun tí lẹ́tà yẹn ṣe. Télọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì. Jíìnì ni aṣọ tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, tí télọ̀ á gé, tí á sì rán pọ̀. Lẹ́tà tó yí padà yìí kò ya aṣọ, kò sì pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Ó kàn jọ àmì ṣọ́ọ̀kì ní ibi tí kò yẹ kí àmì wà ni. Télọ̀ rí i, ó ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Purotéènì kan tó ń jẹ́ lamin A wá jáde ní kúkúrú, ègé 50 ti sọnù lára àwọn ègé tó so ó pọ̀. Ayédèrú tó jáde yìí ni wọ́n sọ ní progerin.

Apá tí wọ́n gé dànù yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe lamin A, ó máa ń fi nǹkan ọlọ́ràá kan gún ìdí rẹ̀ bí ìgbà tí télọ̀ fi pínnì di aṣọ mú, kí ó lè lẹ̀ mọ́ ògiri ìyẹ̀wù tí DNA ń gbé. Bí iṣẹ́ bá ti tó, ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn purotéènì tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, á yọ pínnì náà kúrò. Àmọ́ inú ègé 50 tó sọnù ni ibi tí ẹ́ńsáìmù yẹn ti máa ń rí i yọ wà. Nítorí náà, pínnì ò yọ mọ́. Progerin lẹ̀ mọ́ ògiri gbágbáágbá, òmíràn dé bá a, òmíràn tún dé, títí ògiri ìyẹ̀wù náà fi rí págunpàgun. Bí wọ́n bá fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wò ó, ohun tó yẹ kó rí rogodo bí ẹyin á dà bíi bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti jò kúrò nínú rẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀

Ọpọlọ Sam jí pépé. Ó mọ̀wé, ó ń ṣàwàdà, kò sí ohun tó ń ṣe ìrántí rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe lamin A, nítorí náà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ayédèrú rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ru ẹrù náà, torí iṣẹ́ tí lamin A ń ṣe dà bíi ti òpó tó gbé àtíbàbà ró: níbi tí atẹ́gùn ò bá ti fẹ́, òpó tí kò dára lè dúró pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọkàn, atẹ́gùn kì í dáwọ́ dúró. Ọkàn ń lù ní bí ìgbà 100,000 lójúmọ́, gbogbo ìgbà tó bá sì lù ni ògiri iṣan ń nà tó tún ń sún kì.

Ìpele mẹ́ta ni ògiri náà ní. Nínú lọ́hùn-ún ni àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ kan tẹ́ sí bí ẹní, àwọn ni ẹ̀jẹ̀ ń fara kàn bó ti ń ṣàn, gbogbo nínípọn wọn kò sì ju sẹ́ẹ̀lì kan lọ. Àárín ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹran wà, àwọn tó lè fún iṣan pọ̀ tàbí kí wọ́n dẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú okùn tó ń nà bíi rọ́bà tó gba àárín wọn kọjá. Ìpele òde ni ẹ̀wù tó bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣan àwọn ọmọ tí progeria ti pa wò, ìpele àárín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹran ti kú, okùn líle tí wọ́n ń pè ní collagen ti jókòó sí ipò wọn, ẹ̀wù òde ti nípọn ju bó ṣe yẹ, kálísíọ̀mù ti dì sí ara ògiri, ẹ̀gbin tó ń dí iṣan sì ti lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà.

Ohun tó kàn yìí ló mú mi jí dìde lórí àga lọ́jọ́ tí mo kà á. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú kò ga lára àwọn ọmọ wọ̀nyí. Wọn ò mu sìgá rí. Wọn ò sanra, ara wọn gbẹ ni. Iṣan wọn ṣì dí bíi ti ẹni àádọ́rin ọdún tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ jẹ ṣàkì àti ẹsẹ̀ màlúù. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa BP àti ọkàn ni pé ẹnu ló ń kó bá ara. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan ní ogbó tirẹ̀, tó ń ti inú sẹ́ẹ̀lì ògiri rẹ̀ wá, bí èèyàn tilẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹní inú iṣan yẹn, torí ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi rò pé ó kàn tẹ́ síbẹ̀ lásán. Robert Furchgott, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1980. Ó ń lo iṣan ehoro. Bí ẹní náà bá wà níbẹ̀, iṣan á dẹ̀ nígbà tó bá fi oògùn kan tó ń jẹ́ acetylcholine sí i. Bí wọ́n bá ti ha ẹní náà kúrò, oògùn kan náà kò ní lè dẹ̀ ẹ́. Èyí fi hàn pé ẹní náà ń ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹran tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ nitric oxide ni iṣẹ́ náà, afẹ́fẹ́ tí kì í lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ kó tó pòórá. Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1998, ọdún kan náà tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn Sam fún àwọn òbí rẹ̀.

Kí ni progerin ń ṣe fún ẹní yìí? Àwọn olùwádìí kan fi eku dán an wò, wọ́n jẹ́ kí progerin wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹní nìkan. Sẹ́ẹ̀lì ẹní tó yè máa ń mọ apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí, á na ara rẹ̀ gbọọrọ sí apá ibẹ̀, bí koríko etí odò. Àwọn tó ní progerin ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa mọ́. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe nitric oxide dín kù lára wọn, ọkàn àwọn eku náà sì le. Àwọn olùwádìí mìíràn fi progerin sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹran nìkan, ìyẹn náà tó láti dí iṣan, ó sì dá ẹ̀mí àwọn eku náà légbodò. Ní tèmi, mi ò rò pé ó yẹ ká máa jiyàn lórí èwo nínú méjèèjì ló jẹ̀bi. Ẹní tí kò ránṣẹ́ mọ́ àti ẹran tí kò lè jẹ́ iṣẹ́ mọ́, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń wó.

Ìwọ̀n tó dáhùn ìbéèrè màmá

Fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ. Ìgbì kan ló ń lù ọ́ níka yẹn, láti ọkàn ló ti gbéra, ó sì ń sáré lára ògiri iṣan ju bí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn lọ. Bí ògiri bá rọ̀, ìgbì á rọra lọ. Bí ògiri bá le, á fò lọ ni. Àwọn dókítà ń wọn ìrìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìtan. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lára àwọn ọmọ progeria ní Boston, ó jẹ́ bíi mítà 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni a máa ń rí irú rẹ̀ lára rẹ̀. Ti ọmọ tí ara rẹ̀ yá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni mo ti rí èsì tí mo ń wá. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn jáde, tí wọ́n ń pè ní aorta, máa ń ṣe bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò. Bí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, òpó náà á nà láti gbà á, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà òkè kì í fi í ga jù. Bí ọkàn bá wá ń sinmi, òpó náà á sún kì padà, á máa ti ẹ̀jẹ̀ tó gbà pamọ́ lọ síwájú, ìyẹn ló ń gbé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ró. Bí rọ́bà náà bá ti gbó tí kò nà mọ́, ẹ̀jẹ̀ á kọ lu ògiri líle, nọ́ńbà òkè á fò sókè. Nígbà tí ọkàn bá wá sinmi, kò sí ohun tó máa sún kì mọ́, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ á já wálẹ̀. Aáfo tó wà láàárín 172 àti 68 ni ọjọ́ orí òpó náà. Ẹ̀jẹ̀ màmá ò ta kora. Òpó tó ń gbé e ló ti le.

Oògùn jẹjẹrẹ

Mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé pínnì ló há ló fi ọ̀nà hàn wọ́n. Oògùn kan ti wà nílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gún pínnì náà rárá. Lonafarnib ni orúkọ rẹ̀, jẹjẹrẹ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, torí purotéènì kan tó ń mú jẹjẹrẹ dàgbà náà ń lo irú pínnì yẹn. Ní 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn ọmọ progeria ní Boston Children's Hospital. Láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn wá, Sam sì wà lára wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Oògùn náà ń da inú wọn rú, ó ń mú wọn bì. Wọ́n ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọdún méjì, ó kéré tán.

Èsì jáde ní 2012. Mo fẹ́ kí a kà á bó ṣe rí láìfi iyọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni bí àwọn ọmọ náà ṣe ń sanra sí. Nínú ọmọ 25, mẹ́sàn-án ni bí wọ́n ṣe ń sanra fi yára sí i ní ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́fà ni tiwọn lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mẹ́wàá kò yí padà. Ká ní orí ìyẹn nìkan ni wọ́n dúró sí, ẹlòmíràn á ní oògùn náà ò ṣe nǹkan tó pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wọn iṣan. Lára àwọn tí wọ́n lè fi ìwọ̀n ìṣáájú wé ti ìgbẹ̀yìn, ìrìn ìgbì náà dín kù ní bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Òpó tó ti le bíi ti arúgbó tún rọ̀ padà díẹ̀.

Ọdún 2018 ni wọ́n tó sọ ohun tó ju ìyẹn lọ. Wọ́n fi ọmọ 27 tó lo oògùn náà wé ọmọ 27 tí ipò wọn jọra tí wọn kò lò ó. Nínú nǹkan bí ọdún méjì, ọ̀kan kú nínú àwọn tó lò ó. Mẹ́sàn-án kú nínú àwọn tí kò lò ó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lonafarnib, oògùn àkọ́kọ́ fún progeria láyé.

Sam ò rí ọjọ́ náà. Kí n tó sọ bó ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe gbé ayé. Ilé ẹ̀kọ́ girama Foxborough ló lọ, ó sì fẹ́ lu ìlù nínú ẹgbẹ́ afọnfèrè tó ń yan lórí pápá. Gbogbo ara rẹ̀ kò wọ̀n ju bíi kílò 23 lọ. Ìlù náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń gbé e kọ́rùn tó kílò 18. Àwọn òbí rẹ̀ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó bá wọn ṣe èyí tí kò tó kílò mẹ́ta. Sam gbé e kọ́rùn, ó yan, ó lù ú níwájú èrò. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí lórí pèpéle ní 2013, àìmọye mílíọ̀nù èèyàn ló sì ti gbọ́ ọ. Ní oṣù Kínní ọdún 2014, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù New England Patriots ní kó wá ṣe balógun ọlọ́lá fún àwọn nínú ìdíje kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10 oṣù náà, ni Sam kú. Ọmọ ọdún 17 ni.

Ohun tó bá wa tan nínú rẹ̀

Ó yẹ kí n ṣọ́ra níbí. Progeria ò kó gbogbo ogbó pọ̀. Àwọn ọmọ náà kì í gbàgbé nǹkan bí arúgbó, ojú wọn kì í ṣú, jẹjẹrẹ kì í bá wọn jà. Ẹni tó bá ní ogbó gan-an nìyí ti sọ ju ohun tó rí lọ. Àmọ́ wọ́n ti rí progerin díẹ̀ nínú iṣan àwọn èèyàn tí kò ní àìsàn kankan, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí wọn ṣe ń lọ sókè. Télọ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tiwa náà máa ń ṣi aṣọ gé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ohun mìíràn tún ń kún un fún àwa tí a kò ní progeria. Okùn tó ń nà bíi rọ́bà nínú ògiri iṣan, ìgbà ọmọdé ni ara ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ń já díẹ̀díẹ̀. Ẹní inú iṣan kì í rí nitric oxide ṣe tó bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn èròjà oníjàgídíjàgan inú ara sì ń gba díẹ̀ tó ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹní kan á ti dẹ́kun pínpín, síbẹ̀ wọn ò ní kú. Wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa tu èròjà tó ń mú ara gbóná sára aládùúgbò wọn. Sìgá, àtọ̀gbẹ àti BP gíga tí a kò tọ́jú ń mú gbogbo èyí yára. Ìrìn rírìn àti eré ìdárayá ń ran ẹní náà lọ́wọ́, torí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sáré kọjá lórí rẹ̀, á máa ṣe nitric oxide sí i.

Mo ṣàlàyé rọ́bà ìdí ṣòkòtò yẹn fún màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní rọ́bà àwọn ti ń bá àwọn bọ̀ láti ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi sílè ra nǹkan. Wọ́n ń lo oògùn tí dókítà kọ fún wọn, wọn kì í sì í fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láìlò ó mọ́, torí wọ́n ti mọ ohun tó wà lára ògiri náà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń rìn dé ìkòríta, wọ́n á tún rìn bọ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ ti dín kù, wọ́n ṣì ń ráhùn lórí ìyẹn.

Mo sọ ìyókù fún wọn pẹ̀lú. Mo sọ fún wọn pé ní oṣù Kínní ọdún 2021, David Liu, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, Collins wà lára wọn, fún àwọn eku tó ní jíìnì progeria ti ènìyàn ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ń dá T yẹn padà di C. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹran tó yẹ kó kú nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá wọn wà níbẹ̀, wọn ò dín. Eku tó yẹ kó lo bí ọjọ́ 215 láyé lo 510. Mo sọ̀rọ̀ Sammy Basso fún wọn, ará Itálì tó ní àìsàn kan náà, tó lo oògùn náà ní Boston bíi ti Sam, tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ohun alààyè ní Padova, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwádìí nípa ohun tó ń ṣe é. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà tó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024.

Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ọmọ mélòó ni ìyá Sam bí.

Mo ní, "Òun nìkan ni, màámi."

Wọ́n ní, "Ó wá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ kú?"

Mo ní rárá o, ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.